Ìbọn Mẹ́rin Láàárín Oṣù Mẹ́ta

Ìbọn kẹrin tí Delmar Kolstad máa rà láàárín oṣù mẹ́ta nìyí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ardith, kò tíì fọwọ́ kàn án tí inú ti ń bí i. Delmar tẹ́ ìbọn náà sórí tábìlì irin nínú ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń jó irin pọ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì fún. Ọ̀pá ìbọn ọ̀hún nípọn bí páìpù omi. Awò tí wọ́n dè mọ́ ọn lórí gùn tó apá ọmọdé.

"Gbé e wò," ni Delmar wí.

Ardith gbé e, ó tún gbé e kalẹ̀. Ó wo òrùlé, ó rí òṣùwọ̀n onírin tí Delmar fi ń wọn ọmọ màlúù tuntun, èyí tí ó ní ìkọ́ nísàlẹ̀. Ó gbé ìbọn náà kọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n yí, ó dúró.

"Pọ́n-ùn mọ́kàndínlógún," ni Ardith wí. "Delmar, ọmọ màlúù wo lo fẹ́ ká gbé gun òkè báyìí?"

"Ìwọ kọ́ lo máa gbé e. Èmi ni."

"Ìwọ tí orúnkún ẹ ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo?"

"Ìbọn tó bá wúwo kì í tàpá. Tí kò bá sì tàpá, màá rí ibi tí ọta bà. Ohun tá a ń wá kọ́ nìyẹn?"

"Bó o ṣe wí nígbà tó o ra ẹlẹ́ẹ̀kẹta náà nìyẹn."

Delmar mú akísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ìbọn tí kò dọ̀tí.

Kì í ṣe pé Ardith kò mọ ìbọn o. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni, ọkọ̀ ńlá tí ń tẹ́ ọ̀nà eléruku ni ó ń wà fún ìjọba ìbílẹ̀ Johnson ní ìpínlẹ̀ Wyoming, kò sì sí oko ẹran kan ní gbogbo agbègbè náà tí kò mọ gèrègèrè rẹ̀ àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wọ ọ́. Delmar fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ. Òun ló ń tún ẹ̀rọ alábẹ̀bẹ̀ tí ń fa omi fún màlúù ṣe, òun náà ló sì kọ́ Ardith ní ìbọn nígbà tí ó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, tí àwọn méjèèjì dojú bolẹ̀ sórí àpò àlìkámà tí wọ́n ń yìnbọn sí àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ tí ń gbẹ́ ihò sí pápá ìjẹko baba wọn. Ọta kan, ọ̀kẹ́rẹ́ kan: bí Delmar ṣe rí nìyẹn. Ní ìlú wọn, tí èèyàn bá gbọ́ Kolstad, ìbọn ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Ìdíje tí wọ́n sì ń múra sí kì í ṣe eré orí àga. Méjì méjì ni wọ́n ń lọ. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á rin máìlì mẹ́jọ, wọ́n á gun òkè, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ohun gbogbo tí wọ́n bá fẹ́ lò, ẹ̀yìn wọn ni yóò wà: ìbọn, ọta, omi, oúnjẹ, awò awọ̀nàjíjìn, ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé ìbọn lé. Ohun tí o bá gbé kúrò nílé láàárọ̀, o ò lè jù ú sílẹ̀ lọ́nà, o ò sì lè yá ti ẹlòmíràn. Ibùdó méjìlá ni wọ́n á dé. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, adájọ́ á tẹ aago, á ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́jọ." Kò ní sọ ibi tí àwọn àwo irin wà. Ìwọ lo máa wá wọn láàárín koríko àti àpáta, ìwọ lo máa wọn bí wọ́n ṣe jìnnà tó, àwọn méjèèjì ló sì gbọ́dọ̀ yìnbọn kí àkókò tó tán. Ìdí nìyẹn tí ọgbọ́n fi pọ̀ nínú ohun tí èèyàn bá kó dání. Ọdún tó kọjá, àwọn Kolstad ṣe ipò kẹta. Ardith ti sọ fún ara rẹ̀ pé ti ọdún yìí, àwọn ló máa gba ipò kìíní.

Àmọ́ láti oṣù kẹta ni Delmar ti dà bí ẹni tí èèrà wọ̀ nínú aṣọ. Ó kọ́kọ́ ní ìbọn tí àwọn fi ṣe ipò kẹta, ọ̀pá rẹ̀ ti jẹ tán. Ó ra fífúyẹ́ kan. Ó ní ó ń tàpá bí ìbaaka. Ó tà á, ó ra kúkúrú kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyẹn lò nílé. Ó ra ẹlẹ́ẹ̀kẹta tó wúwo díẹ̀, ìyẹn náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wá di èyí.

Ardith tẹ̀ mọ́ awò ńlá náà, ó yí kẹ̀kẹ́ orí rẹ̀ tí wọ́n fi ń darí ọta díẹ̀, ó ka òṣùwọ̀n tó wà lára rẹ̀, ó sì gbójú sókè.

"Delmar. Mínítì ni awò yìí ń kà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mílì ni tèmi ń kà."

"Mo mọ̀."

"Tí mo bá pariwo fún ẹ pé 'lọ sókè ìdajì', ìdajì kí ni? Ṣé kí n kọ́kọ́ jókòó ṣírò ẹ̀ ni? Àwa méjì ń rán aṣọ kan, ìwọ ń fi yáàdì wọ̀n ọ́n, èmi ń fi mítà! Ìwọ fúnra ẹ lo ní ká jọ máa lo mílì lọ́dún tó kọjá!"

"Èyí tí wọ́n ní tó ń ka mílì, ìlà inú ẹ̀ tín-ín-rín jù. Ti eléyìí nípọn."

"Kí lo fẹ́ fi ìlà tó nípọn ṣe?"

"Mo kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni," ni Delmar wí, ó sì yíjú sí ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ ń pè.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ìbọn náà lọ sí àfonífojì tó wà lẹ́yìn oko Delmar. Àwo irin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ṣéènì so kọ́ òpó méjì, ẹgbẹ̀ta yáàdì sí ibi tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí. Ní ìgbà kan rí, Delmar lè máa jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ kí ó sì ta àwo yẹn. Lọ́jọ́ náà, ó yin ọta márùn-ún. Ọ̀kan ṣoṣo ló dún.

"Oòrùn yìí ni," ni ó wí. "Wo bí ilẹ̀ ṣe ń gbọ̀n rìrì."

"Ilẹ̀ ò gbọ̀n ju bó ṣe máa ń gbọ̀n lọ."

"Àbí ọta yìí ni. Páálí tuntun ni."

"Dìde níbẹ̀ yẹn," ni Ardith wí.

Ó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ìbọn náà. Kò yí nǹkan kan. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àwo irin sì dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ké, ké, ké. Inú rẹ̀ ì bá dùn. Inú ló wá ń bí i, nítorí ó retí pé kí Delmar bú òun, tàbí kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó sọ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ rẹ̀. Delmar kàn gbọn eruku orúnkún rẹ̀ ni.

"Ó bá ẹ lára mu," ni ó wí. "Mo rò pé awò yẹn ló ní wàhálà. Mo rí ọ̀kan tó tún lágbára jù ú lọ."

Ardith dìde, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù gbogbo. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń bá a jà nínú ọkàn rẹ̀ lórí ọkọ̀ ìtẹ́nà. Lọ́jọ́ Túsìdé, ó tẹ́ ojú ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó mọ̀.

Ìdíje ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n tún padà sí àfonífojì. Ìjì ti jà lóru ọjọ́ tó ṣáájú, ó wó igi ní ẹ̀bá odò, ó sì ká páànù lórí ilé adìyẹ. Ardith ń tú ẹsẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ nígbà tí Delmar ti dùbúlẹ̀, tí ó ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìdí ìbọn. Ardith gbé awò awọ̀nàjíjìn sójú láti wo àwo irin.

Àwo kò sí níbẹ̀. Òpó méjèèjì dúró, ṣéènì já, ó ń mì lára òpó kan, àwo fúnra rẹ̀ sùn sínú koríko. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ ní, "Dìde, jẹ́ ká lọ so ó."

"Mo ti rí i," ni Delmar wí. "Afẹ́fẹ́ ń mì ín díẹ̀."

Ardith kọ́kọ́ rò pé eré ló ń ṣe. Delmar yí kẹ̀kẹ́ awò, ó mí sínú, ó mí síta, ó fà á. Eruku sọ lára òkè.

"Ńkọ́?" ni ó bèèrè.

"Apá òsì," ni Ardith wí. Kò mọ ìdí tí òun fi sọ bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ jọ ti ẹlòmíràn létí ara rẹ̀.

Delmar tún un ṣe, ó tún yìn ín. "Ìsinsìnyí wá ńkọ́? Mo gbọ́ bíi pé ó dún."

"Delmar, kò sí àwo níbẹ̀."

"Kí lo wí?"

"Ṣéènì ti já. Inú koríko ni àwo wà. Kò sí nǹkan kan lára òpó yẹn."

Delmar kò gbé orí. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lórí ìdí ìbọn bí ẹni tí oorun gbé lọ. Afẹ́fẹ́ fẹ́ kọjá. Màlúù kan ké lọ́ọ̀ọ́kán.

"Láti ìgbà wo?" ni Ardith bèèrè.

"Oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá. Ojú ọ̀tún ni. Bí ìgbà téèyàn mí sí ojú gíláàsì lọ́jọ́ òtútù, tí kò wá gbẹ mọ́." Ó dìde jókòó. "Dókítà nílùú Casper ní kùrukùru ló bo ẹyinjú. Wọ́n ní àwọn máa yọ ọ́. Ogún ìṣẹ́jú péré, wọ́n ní. Wọ́n fún mi lọ́jọ́ nínú oṣù kẹta, mo ní kí wọ́n sún un sí ẹ̀yìn ìdíje."

Àwọn àgbà ní wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Odidi oṣù mẹ́ta ni Ardith ti fi ń bínú sí ẹrù.

"Oṣù kẹta!" ni ó pariwo. "Ká ní o ṣe é nínú oṣù kẹta, ì bá ti jinná! Ojú ẹ ì bá ti mú bíi ti àwòdì báyìí! Ìdíje yìí gan-an lo tìtorí ẹ̀ ba ìdíje yìí jẹ́, ṣé o gbọ́ ara ẹ?"

"Ọ̀bẹ ni, Ardith. Nínú ẹyinjú."

"Ìwọ tí ẹ̀rọ omi gé ní ìka, tó o fi ọwọ́ kejì wa ọkọ̀ lọ sí ọsibítù!"

"Ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ kí n tó mọ̀ ni. Èyí, wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀, kí n máa wò ó bó ṣe ń bọ̀."

Ardith lọ sínú koríko, ó gbé àwo irin, ó sì gbá a mọ́ òpó lẹ́ẹ̀kan kí ó tó jù ú sílẹ̀.

Corinne, ìyàwó Delmar, ń bó ọ̀dùnkún nínú kíṣìnnì nígbà tí wọ́n wọlé. Ó wo ojú wọn, ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀.

"Ó ti sọ fún ẹ?"

"Ó sọ fún mi. O mọ̀, Corinne, o sì ń wo èmi níran?"

"Mo sọ fún un títí ètè mi fẹ́ẹ̀ bó. Ó ní tí mo bá la ẹnu, òun ò ní lọ sọ́dọ̀ dókítà rárá. Kí lo fẹ́ kí n ṣe, kí n dè é mọ́ ọkọ̀?"

Lọ́jọ́ kejì, tẹlifóònù Ardith dún. Boyd Ansley ni, tó ń ta koríko màlúù ní ọ̀nà ìlú Buffalo, ọ̀gá nídìí ìbọn. Ẹṣin ti gbé ẹnìkejì rẹ̀ nínú ìdíje ṣubú, egungun èjìká rẹ̀ dá.

"Mo gbọ́ pé Delmar ò fi bẹ́ẹ̀ yá," ni Boyd wí. "Èmi àti ìwọ, Ardith, a máa gbá gbogbo wọn mọ́lẹ̀."

Ardith ní òun á pè é padà. Nígbà tí ó sọ fún Delmar, Delmar kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ń fi fáìlì tí wọ́n fi ń yún irin ra etí irin kan.

"Lọ bá Boyd," ni ó wí. "Ohun tó mọ́gbọ́n dání nìyẹn. Èmi náà á lọ bá a, ká ní èmi ni ìwọ."

Fáìlì náà ń lọ, ó ń bọ̀, kò kan ibi tó yẹ kó kàn. Atàǹpàkò rẹ̀ ló ń fi wá etí irin, kì í ṣe ojú. Ardith jáde, ó pe Boyd, ó ní rárá. Bí ó ṣe pa tẹlifóònù ni ó kábàámọ̀, ó sì gbá abọ́ omi ajá nípàá kọjá àgbàlá.

Láti ọjọ́ náà, òun ló gba ọ̀rọ̀ ẹrù lọ́wọ́ Delmar. Ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní pálọ̀. Ìbọn kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì á lò, èyí tí wọ́n fi ṣe ipò kẹta. Pọ́n-ùn méjìlá ni, kò sì sí ohun tó ṣe ọ̀pá rẹ̀, bí Ardith ti rò. Awò kan, mílì nìkan. Ìrọ̀rí iyanrìn kan dípò mẹ́ta. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó fúyẹ́, kì í ṣe oníirin tí Delmar fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó. Gbogbo ìgbà tí Delmar bá fẹ́ mú nǹkan kan, Ardith á ní, "Gbé e sílẹ̀."

"Kọ́tà òjò ńkọ́?"

"Ẹyọ kan. Ẹni tí òjò bá kọ́kọ́ pa ló ni ín."

Ojú òsì Delmar dára. Nítorí náà, èjìká òsì ni yóò máa gbé ìbọn lé, òun tí kò fi òsì yìnbọn rí láyé. Ìkọ́ tí wọ́n fi ń fa ọta tuntun wọlé wà lápá ọ̀tún ìbọn, ó ní láti máa na ọwọ́ kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni tí ń yún ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé pàápàá, wọ́n ní láti máa gbé e sókè fún Ardith kí wọ́n tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún Delmar. Fún ọjọ́ mẹ́jọ, ó dà bí ọmọ màlúù tí ń kọ́ ìdúró. Ó ń bú ìbọn, ó ń bú ọwọ́ ara rẹ̀. Ardith ń wo aago, ó ń lọ eyín.

Ọjọ́ ìdíje pé. Ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógójì ló pàdé ní àárọ̀ kùtù lórí oko ẹran kan lẹ́sẹ̀ òkè Bighorn. Boyd wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kan tó rí ní ìlú Sheridan. Ó kí Ardith tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, èyí sì dùn ún ju èébú lọ.

Ní ibùdó àkọ́kọ́, Delmar ta méjì nínú mẹ́rin, Ardith ta gbogbo tirẹ̀. Kò burú. Ní ìkẹta, ibi tí wọ́n ti ń rẹ ibi ìfẹ̀rẹ̀kẹ́lé sílẹ̀, ìdè rẹ̀ há, ìṣẹ́jú kan gbáko sì ṣòfò. Ní ìkarùn-ún, àwọn àwo jìnnà tó ẹgbẹ̀rin yáàdì. Delmar kò ta ọ̀kankan. Oòrùn gun orí wọn. Bí wọ́n ṣe ń gun òkè kan ni Boyd àti ẹnìkejì rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ ní òdì kejì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ìbọn wọn méjèèjì ń dán.

"Wọ́n ń ṣe dáadáa," ni Delmar wí.

"Má bá mi sọ̀rọ̀," ni Ardith dáhùn.

Ibùdó kẹjọ dojú kọ odò gbígbẹ kan. Delmar ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Ó mí, ó yìn, irin dún. Ó na ọwọ́ kọjá, ó fa ìkọ́, ó tún yìn, irin tún dún. Èyí kejì jìnnà tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta yáàdì. Ardith wo aago: ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ló kù. Àkókò ṣì tó. Ó já ìbọn gbà, ó dùbúlẹ̀, ó gbé ibi ìfẹ̀rẹ̀kẹ́lé sókè pẹ̀lú ìkanra. Ó yìn ín. Eruku sọ.

"Má kánjú," ni Delmar wí lẹ́yìn rẹ̀. "Afẹ́fẹ́ ti yí. Wo koríko etí odò."

Kò wo koríko. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, ó yìn ín lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn ìkẹta ló tó gbójú lé etí odò, ó sì rí i pé koríko ti sùn sí òdì kejì pátápátá. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i, ó pẹ́ jù.

"Àkókò ti tó," ni adájọ́ wí, obìnrin àgbàlagbà kan tó dé fìlà koríko. Ó kọ òdo sílẹ̀ fún Ardith.

Ardith kò dìde lójú ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ méjèèjì ríran. Òun ló yan ìbọn, òun ló yan awò, òun ló yan gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn wọn. Ó wá ẹni tó máa dá lẹ́bi nínú koríko tó yí i ká, kò rí ẹnì kankan. Delmar na ọwọ́ sí i láti fà á dìde.

Nígbà tí wọ́n ka èsì, ipò kẹtàlélógún ni wọ́n ṣe. Boyd ṣe ìkejì. Wọ́n pín ẹran màlúù sísun àti ẹ̀wà. Ardith jẹ tirẹ̀ lórí ìdúró, ó kó ẹrù sínú ọkọ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà ilé. Oòrùn ṣì wà lókè.

"Ṣé o kábàámọ̀ pé o ò bá Boyd lọ?" ni Delmar bèèrè.

Ardith ronú láti purọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ó wí.

Delmar mi orí. "Ó tọ́ bẹ́ẹ̀." Ó wo ojú fèrèsé pẹ̀lú ojú tó dára. Ó ní, "Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ojú náà, aago méje àárọ̀. Corinne ò fẹ́ràn láti máa wakọ̀ nínú Casper. Bóyá kí n ní kí wọ́n tún sún un díẹ̀..."

"Màá dé ilé ẹ láago mẹ́rin àárọ̀," ni Ardith wí. "Tó ò bá tíì wọ bàtà, màá wọ́ ẹ sínú ọkọ̀ láìwọ bàtà. Má wulẹ̀ bá mi sọ ọ́ mọ́."

"Aago mẹ́rin ti yá jù. Wákàtí méjì péré ni ọ̀nà yẹn."

"Delmar!"

"Ó dáa, ó dáa. Aago mẹ́rin."